Igbá Tí Akínpẹ̀lú Rù Wọ Ìlápò

Ìlú Òkè-Agbede ni Akínpẹ̀lú ti ń hun aṣọ òfì, ṣùgbọ́n ọmọ bíbí Ìlápò ni. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ló wà láàárín ìlú méjèèjì fún ẹni tó ń kó ìyàwó àti ọmọ rìn, ayé ìgbà náà sì rèé, ẹsẹ̀ ẹni ni mọ́tò ẹni. Síbẹ̀, kò pa ọdún kan jẹ rí. Bí iṣu tuntun bá ti jáde, tí àwọn ọmọ agboolé wọn tó fọ́n káàkiri bá ń padà sílé láti jẹun pọ̀ nídìí ọpọ́n kan ṣoṣo, Akínpẹ̀lú yóò palẹ̀ òfì mọ́, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò sì kọjú sọ́nà.

Àwẹ̀ró ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé bó bá sọ ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ náà a máa pẹ́ nílẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Ọlátóún ni àgbà wọn, ọmọbìnrin tó ti ń di wúńdíá. Adérógbà ló tẹ̀lé e, ọmọkùnrin tí ebi kì í jìnnà sí. Àìná ni àbíkẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gba ọ̀nà jíjìn, tó jẹ́ pé orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti ń wo ayé.

Àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ Akínpẹ̀lú a máa pè é ní ahun. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn. Ahun ni ẹni tó lówó tí kò fẹ́ ná an. Ti Akínpẹ̀lú yàtọ̀ sí ìyẹn. Òun yóò ná an, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ bá owó náà dágbére dáadáa kó tó jẹ́ kó lọ. Ó mọ̀ pé ìrìnàjò ni àpò ti máa ń jò jù, pé ibi oorun àti ibi oúnjẹ ni ihò náà sì máa ń wà.

Ilé èrò kan ṣoṣo tó dáa lójú ọ̀nà náà wà ní Ìdí-Ọsàn, níbi tó ti ku ìrìn ọjọ́ kan kí á dé Ìlápò. Obìnrin tó ni ín ni gbogbo èrò ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ní, nítorí pé orí ẹní tí èèyàn bá sùn ni í gbowó lé. Akínpẹ̀lú mọ gbogbo ọ̀nà tí èèyàn fi lè sùn nílé náà kí ọwọ́ má fi bẹ́ẹ̀ lọ sápò. Kì í débẹ̀ nígbà tí ọjà bá kù sí ọ̀la, nítorí pé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹní kan a máa gba owó ẹní méjì. Kì í gba yàrá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń gbà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbú ni àwọn ọmọ ń sùn lórí ẹní, kí ẹyọ kan lè gba gbogbo wọn, bí ẹsẹ̀ Ọlátóún tilẹ̀ ti ń yọ sílẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ yóò máa ṣẹ́ igi gbígbẹ bọ̀ lójú ọ̀nà, yóò fi ta Ìyá Ẹlẹ́ní lọ́rẹ, ìyá náà yóò sì fún wọn ní omi mímu láìgba nǹkan kan.

Èyí tó ga jù nínú ọgbọ́n rẹ̀ ni ti igbá. Òfin ilé èrò náà ni pé àwọn tó bá jẹun nínú àwo ilé yóò sanwó níye orí wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé igbá tirẹ̀ wá, owó igbá kan ni yóò san, yóò sì gba ẹ̀kún rẹ̀. Nítorí àwọn alárù tó ń gbé igbá pẹ́ńpẹ́ kiri ni Ìyá Ẹlẹ́ní ṣe ṣe òfin náà. Kò mọ̀ pé ẹnì kan wà láyé tó ní irú igbá tí ìdílé Akínpẹ̀lú ní. Bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un, ó sì fẹ̀ débi pé Àìná lè jókòó sínú rẹ̀ kó na ẹsẹ̀. Lọ́dọọdún ni Ìyá Ẹlẹ́ní ń rí i, tí yóò mi orí, tí yóò ní, "Igbá yìí ni yóò kó mi jẹ." Lẹ́yìn náà, yóò bu oúnjẹ kún un.

Láyé ìgbà náà, àgbà ló ń kọ́kọ́ jẹun. Ìyàwó àti ọmọ yóò dúró dè é. Ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú igbá, ni tiwọn. Ẹ má ṣe káàánú wọn o. Àgbà ìgbà náà mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ òun dúró sí. Nígbà tí Akínpẹ̀lú wà lọ́mọdé, tó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ Ògúnsùúrù gba ọ̀nà kan náà, inú igbá kan náà ni Ìyá Ẹlẹ́ní, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó nǹkan nígbà náà, ń bu àsáró fún wọn sí. Àsáró iṣu ni, epo yóò ti mú ojú rẹ̀ pọ́n, ẹja àrọ̀ gbígbẹ yóò sì ti rì sísàlẹ̀ rẹ̀. Ògúnsùúrù yóò máa jẹ ẹ́ láti òkè. Bó bá ti kan ìdajì, yóò yọwọ́, yóò fẹ̀yìn ti ògiri, yóò ní ó tó òun. Gbogbo ẹja inú igbá a wá di ti àwọn ọmọ. Akínpẹ̀lú gbà lọ́mọdé pé bàbá òun kò fẹ́ràn ẹja.

Bàbá yìí náà ló fi òfin kan lélẹ̀ kí àwọn ọmọ yé jà sí ẹrù rírù: ẹni tó bá nu igbá ni yóò fọ̀ ọ́, òun náà ni yóò sì rù ú lọ́jọ́ kejì. Ìjà kò tán o; ńṣe ló yíjú padà. Wọ́n wá ń du igbá mọ́ ara wọn lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tó rù ú ni gbogbo ayé mọ̀ pé ìka rẹ̀ ló kan ìdí rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Akínpẹ̀lú rù ú wọ Ìlápò lọ́mọdé, inú rẹ̀ sì máa ń dùn bó bá rántí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Òfin náà ló fi tọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìrìnàjò náà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Baálé agboolé wọn, Ọdúnlàmí, tó jẹ́ àbúrò Ògúnsùúrù, ti ránṣẹ́ sí Akínpẹ̀lú láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Oníṣẹ́ jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an: "Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Bí mo bá ń pín oúnjẹ ọpọ́n, ilẹ̀ ń bá wa jẹ nínú rẹ̀. Bí o bá dé lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ ni mo fẹ́ kó jókòó nídìí ọpọ́n."

Ẹni tó bá jókòó nídìí ọpọ́n ló ń pín oúnjẹ fún gbogbo agboolé, fún arúgbó àti ìyàwó ilé, fún ọmọ àti àlejò. Òun náà ni yóò jẹ Baálé bí àyè bá ṣí. Orí ìjókòó yìí ni Ògúnsùúrù wà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kò sí ohun tí Akínpẹ̀lú tún fẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Ó hun aṣọ tuntun nítorí ọjọ́ náà, ó sì ń dán ọ̀rọ̀ tí yóò sọ wò nídìí òfì, tí Àwẹ̀ró ń gbọ́ ọ tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Wọ́n gbéra. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀kọ àti àkàrà tí Àwẹ̀ró dì láti ilé ni wọ́n jẹ, abẹ́ àtíbàbà ọjà kan tó ṣófo ni wọ́n sì sùn láìsanwó. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ̀kọ wọn ti ń tán lọ. Akínpẹ̀lú ní kí wọ́n má wulẹ̀ ra nǹkan kan lójú ọ̀nà, kí oníkálukú fàyè sílẹ̀ de igbá Ìdí-Ọsàn. Òun fúnra rẹ̀ kò fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀.

"Bàbá," Adérógbà bi í, "ṣé ẹja àrọ̀ yẹn náà ni Ìyá Ẹlẹ́ní máa fi sè é?"

"Ṣé inú ìkòkò rẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ ni?" bàbá rẹ̀ fèsì, ṣùgbọ́n inú tirẹ̀ náà ti ń kùn.

"Èmi ni n ó ru igbá lọ́la," Ọlátóún wí.

"Ìwọ lo rù ú léṣìí," Adérógbà fèsì.

"Ìwọ lo sùn lọ léṣìí ká tó jẹun tán. Ta ló ní kó o sùn?"

Àríyànjiyàn yìí ni wọ́n bá dé Ìdí-Ọsàn, oòrùn ṣì wà lókè. Ìyá Ẹlẹ́ní ti darúgbó. Ó fi ọwọ́ ṣíji bojú láti ẹnu ọ̀nà kó tó dá wọn mọ̀.

"Akin, ṣé ìwọ nìyí? O ti wá jọ bàbá rẹ jù."

Akínpẹ̀lú dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ilé o, Ìyá. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

"A dúpẹ́. Orúnkún nìkan ni kò gbọ́ tèmi mọ́. Ọmọ mi obìnrin ní òun ń bọ̀ wá mú mi lẹ́yìn ọjà tó ń bọ̀ yìí, kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó jọ pé ẹ̀yin lẹ ó jẹ àsáró mi gbẹ̀yìn." Ó wo igbá tó wà lórí Ọlátóún. "Igbá náà kò sì súnkì."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Akínpẹ̀lú lára ju bó ṣe rò lọ. Ó wo ilé náà yíká. Ó wo òpó tí òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ máa ń yí po títí òòyì yóò fi kọ́ wọn, ó wo ibi tí ògiri ti dán níbi tí ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ àti ẹ̀yìn èrò ẹgbẹ̀rún ti fara tì í. Bí ìyá yìí bá lọ, ta ni yóò máa ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀? Àárò sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì fẹ́ ṣomi, ló bá ṣe bí ẹni tó ń tú ẹrù.

Ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ èrò, ìkòkò kan péré ni Ìyá Ẹlẹ́ní sì gbé kaná. Alárù méjì ti jẹ, wọ́n ti lọ. Ó ha gbogbo èyí tó kù sínú igbá ńlá náà, ó gbé e síwájú Akínpẹ̀lú. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá Ọlátóún," Àwẹ̀ró wí, "ẹ máa jẹun lọ. Ẹ jẹ́ kí n kó àwọn ọmọ yìí lọ wẹ̀ lódò. Wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun, àmọ́ ti àwọn eléyìí kọjá ọwọ́ nìkan."

Ó pọn Àìná, ó kó àwọn tó kù síwájú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò.

Akínpẹ̀lú jókòó síbi tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ó wẹwọ́, ó bù ú lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e sẹ́nu. Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe lásán ni wọ́n ń sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Adùn náà kò yí padà rárá. Epo ìgbà yẹn ni, ata ìgbà yẹn ni, èéfín igi ìgbà yẹn ló ṣì wà lára rẹ̀. Bó ti ń gbé e mì, ọdún tó ti lọ ń padà bọ̀. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú. Ó rí àbúrò rẹ̀ Ọyádìran tí imú rẹ̀ ń ṣàn, tó ń ti ìgúnpá sí i níhà. Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń wúkọ́ lẹ́bàá ògiri.

Ìbá ṣe pé bí àgbà ló ṣe ń jẹ ẹ́ ni, ìbá dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nídìí igbá lọ́jọ́ náà kì í ṣe àgbà mọ́. Ọmọdé ni, ọmọdé kì í sì í ṣẹ́ oúnjẹ kù de ẹnikẹ́ni, nítorí pé òun gan-an ni wọ́n máa ń ṣẹ́ ẹ kù dè. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan ìdajì, ó kan ẹja. Ó ní òun yóò mú ẹyọ kan péré, kí òun kàn fi rántí. Ó mú un, ó rántí, ìrántí náà sì ń béèrè òmíràn. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ láti odò, ó sì dùn mọ́ ọn, bí ẹni pé ẹ̀rín àwọn tí wọ́n jọ wà lọ́mọdé ló ń gbọ́. Ó jẹ ẹja. Ó jẹ iṣu ìdí rẹ̀. Ó fi ìka gbá igbá yíká, ó lá a, ó tún gbá a.

Ìgbà tó rí ara igbá tó funfun báláú nísàlẹ̀ ni ojú rẹ̀ wálẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ní gbé omi jáde, ó yọjú wo inú igbá. "Àwọn ọmọ ti jẹun ni?"

"Wọ́n ṣì wà lódò."

Ìyá náà gbé omi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù nínú ìkòkò?"

"Mo ti dojú ìkòkò dé. Gbogbo rẹ̀ ni mo ha fún ọ."

Akínpẹ̀lú fi ọwọ́ lérán. "N kò mọ̀ pé mo ti jẹ ẹ́ débẹ̀. Bó ṣe rí nígbà tí bàbá mi wà ló rí lẹ́nu mi."

Ìyá Ẹlẹ́ní rọra jókòó nítorí orúnkún rẹ̀. "Bàbá rẹ," ó wí. "Ṣé o mọ̀ pé bó bá dá kọjá níhìn-ín, tí ẹ̀yin ọmọ kò tẹ̀lé e, ẹja nìkan ló máa ń ní kí n bù fún òun? Egungun rẹ̀ gan-an kì í ṣẹ́ kù."

"Bàbá mi kò fẹ́ràn ẹja."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Akínpẹ̀lú wo ibi tí ògiri ti dán. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Òun ló rí bàbá tó ń yọwọ́ nídìí igbá lọ́dọọdún, tó sì rò pé ó yó ni.

Àwọn ọmọ dé, omi ń kán lára wọn. Ọlátóún kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìjẹun, Bàbá," ó sì na ọwọ́ sí igbá. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Adérógbà ní tirẹ̀ gbé igbá náà sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀ náà, ó gbé e sílẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀.

Akínpẹ̀lú dìde. Ó sáré wọ abúlé lọ, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bìkítà iye tí wọn ìbáà pè. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé wà lóko ìkórè, àwọn tó wà nílé kò tíì dáná, kò sì sí ọjà. Nígbà tó padà dé, Àwẹ̀ró ti tú ẹ̀kọ méjì tó ṣẹ́ kù nínú ẹrù, ó pín in sí mẹ́ta fún àwọn ọmọ, òun kò mú nínú rẹ̀. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ìbá sàn fún Akínpẹ̀lú bó bá bá a jà. Àìná sunkún títí oorun fi gbé e lọ.

Ní àárọ̀, wọ́n di ẹrù. Àwẹ̀ró pọn ọmọ, ó gbé apẹ̀rẹ̀. Ọlátóún ru ìdì aṣọ, Adérógbà ru ẹní. Igbá nìkan ló kù tó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ kò rí igbá ni?" Akínpẹ̀lú bi wọ́n.

Nígbà tó ṣe, Ọlátóún sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹni tó bá nu igbá ni yóò rù ú. Àwa kò nu nǹkan kan."

Akínpẹ̀lú wo Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ń tún ọ̀já ọmọ dì. Ó lè fi agbára mú wọn, bàbá ni. Ṣùgbọ́n òfin bàbá rẹ̀ ni ọmọ náà sọ, kò sì fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó ronú láti fi igbá náà sílẹ̀ fún Ìyá Ẹlẹ́ní, ọkàn rẹ̀ kọ̀. Ohun tó kù fún un lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kò ju òun náà lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e ka orí.

Kò wúwo, ṣùgbọ́n ó fẹ̀, ẹ̀ka igi ń kọ́ ọ, atẹ́gùn ń tì í. Lọ́mọdé, sísáré ló máa ń sáré lábẹ́ rẹ̀. Ó pinnu lọ́kàn pé bí àwọn bá kù díẹ̀ kí àwọn wọ Ìlápò, òun yóò bẹ Adérógbà kó bá òun gbà á wọlé, nítorí pé kò sí olórí ilé tó ń fi orí ara rẹ̀ ru igbá oúnjẹ wọ agboolé, pàápàá lójú gbogbo ẹbí. Ṣùgbọ́n ebi ń lé àwọn ọmọ. Wọ́n mọ̀ pé oúnjẹ wà níwájú, ẹsẹ̀ wọn kò sì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá wọn tẹ̀ lé wọn kí wọ́n má baà sọnù. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, ó wo iwájú, kò rí ẹnì kankan nínú wọn. Ó pe Adérógbà. Igbó ló dá a lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ Ìlápò, òun nìkan, ó wọ aṣọ tuntun, igbá wà lórí rẹ̀.

Gbogbo ẹbí ti pé sí àgbàlá. Wọ́n ti gbé ọpọ́n sílẹ̀, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo, òun ni wọ́n ń retí. Gbogbo wọn yíjú wo igbá orí rẹ̀. Ìyàwó ilé kan sáré dìde, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ láti gba igbá lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n Baálé Ọdúnlàmí mi orí.

"Fi í sílẹ̀. Akínpẹ̀lú, káàbọ̀. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ yá ju tìrẹ lọ. Mo bi wọ́n pé kí ló ń lé wọn, wọ́n ní ebi ni. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ ní Ìdí-Ọsàn, wọ́n kàn ń wo ilẹ̀. Ìwọ sọ fún mi."

Akínpẹ̀lú rí àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, àwo iyán wà níwájú wọn, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Wọn kò fi í sùn. Ó lè ní Ìyá Ẹlẹ́ní kò dáná. Gbogbo ayé yóò gbà á gbọ́, àwọn ọmọ náà kò sì ní já a nírọ́. Ó sọ igbá kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ tuntun rẹ̀.

"Mo jẹ ẹ́ tán, Bàbá. Adùn ìgbà bàbá mi ni mo ń wá nínú rẹ̀, mo sì ń wá a títí mo fi kan ìdí igbá."

Baálé wo igbá náà. "Mo gbà ọ́ gbọ́," ó wí. "Àárò ẹ̀gbọ́n mi ń sọ èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jókòó nídìí ọpọ́n yìí, ebi lè pa á, àárò lè sọ ọ́, kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá fi ọ́ síbẹ̀ lónìí, kí ni kí n wí fún ọmọ mẹ́ta tó ń wò wá yìí?"

Baálé yíjú sí Ọyádìran, àbúrò Akínpẹ̀lú, ó nawọ́ sí ìjókòó náà. Ọyádìran wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò fẹ́ dìde. Akínpẹ̀lú fúnra rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ sókè, tó mú un lọ jókòó síbi tó ti ń fojú inú wo ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò.

Ọyádìran pín oúnjẹ, ó sì kọ́kọ́ bu ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bù ú dáadáa, ó kó ẹran sí i. Akínpẹ̀lú jẹ díẹ̀ lókè, ó yọwọ́. Ó ṣẹ́wọ́ sí Ọlátóún. Ọmọ náà wá, ó kúnlẹ̀, ó wo inú àwo, ẹran kún inú rẹ̀.

"A ti yó, Bàbá," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ ṣeun." Ó dìde, ó padà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré.

Akínpẹ̀lú jókòó ti àwo náà títí oúnjẹ inú rẹ̀ fi dì. Àwọn ará Ìlápò tó rí i lọ́jọ́ náà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn, àwọn ọmọ náà sì sọ ọ́ fún àwọn tó bí wa, títí ó fi di ọ̀rọ̀ tí àgbà máa ń sọ fún ara rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ìdajì àwo, tó sì gbọ́ ohùn ọmọdé níta: àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.